Báwo ni ìràwọ̀ tó ń wú tó ń súnkì ṣe ń sọ ìtàn gálásì wa?

Ọmọ_Bẹẹrẹ kọ ọ́:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n ní gálásì (àgbájọ ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀) tí ayé àti oòrùn wa wà nínú rẹ̀, ìyẹn Milky Way, gbé gálásì mìíràn mì ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n tún ní àwọn ìràwọ̀ kan tí ìmọ́lẹ̀ wọn máa ń lọ sókè lọ sódò wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 ló kà á, òun ló sì bi mí. Mi ò fẹ́ dá a lóhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí". Ní Ìbàdàn níbí, tí a bá fẹ́ mọ ìtàn agboolé kan, a ó pe àgbà, a ó gbọ́ oríkì, a ó wo ibojì àti ògiri àtijọ́. Ìràwọ̀ kò ní àgbà tí a lè pè. Báwo ni ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sókè lọ sódò ṣe wá di ìtàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kó yé ènìyàn, àmọ́ ẹ má fo ibi tó le.

Tísà_Sango kọ ọ́:

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè gidi lẹ bi. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí jíjìn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé.

Tí ẹ bá gbójú sókè lálẹ́, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ìràwọ̀ kan ń tàn yanran nítorí pé ó sún mọ́ wa ni, àbí nítorí pé agbára rẹ̀ pọ̀. Ìṣòro yìí pẹ́ lọ́rùn àwọn awòràwọ̀. Ẹni tó já a ni Henrietta Swan Leavitt, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòràwọ̀ Harvard ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa yẹ àwọn àwo gíláàsì tí wọ́n fi ya fọ́tò ojú ọ̀run wò, kó máa fi ti alẹ́ kan wé ti òmíràn. Ní 1908 ó tẹ àkójọ ìràwọ̀ 1,777 jáde, gbogbo wọn ni ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà, inú Ìkùukùu Magellan méjèèjì ni wọ́n sì wà. Gálásì kéékèèké ni Ìkùukùu méjì yìí, wọ́n wà lẹ́bàá tiwa. Leavitt rí i pé àwọn tó ń tàn jù ló ń pẹ́ jù kí wọ́n tó lọ kí wọ́n tó bọ̀. Ní 1912 ó fi 25 lára àwọn tó wà nínú Magellan Kékeré fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Níwọ̀n bí gbogbo wọn ti wà nínú gálásì kan náà, jíjìn wọn sí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, torí náà èyí tó ń tàn jù lójú wa ló ń tàn jù lóòótọ́.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn já sí. Ẹ ṣáà ka iye ọjọ́ tí ìràwọ̀ fi ń lọ tó fi ń bọ̀, ẹ ti mọ agbára rẹ̀. Ẹ wá wo bó ṣe hàn lójú wa láti ìhín. Ìlànà tí ìmọ́lẹ̀ fi ń dín kù kì í yẹ̀: tí jíjìn bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù; tó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ló kù. Ẹ ṣírò rẹ̀, jíjìn á jáde.

Cepheid ni wọ́n ń pe irú ìràwọ̀ yìí. Ara Delta Cephei ni wọ́n ti mú orúkọ náà, èyí tí John Goodricke ṣàkíyèsí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1784. Adití ni Goodricke, kò sì pé ọmọ ọdún 22 tó fi kú. Ọjọ́ 5 àti wákàtí bíi 9 ni Delta Cephei fi ń lọ tó fi ń bọ̀, bó ti ń ṣe nígbà náà nìyẹn, bó ṣì ń ṣe lónìí nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Apáta kọ ọ́:

Ẹ ṣé gan-an, Tísà. Kí ló ń ṣe ìràwọ̀ náà tó fi ń lọ sókè lọ sódò? Ṣé oòrùn tiwa náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan?

Ayọ̀_UI kọ ọ́:

Ẹ kú alẹ́, mà. Ara ìràwọ̀ náà ló ń wú tó ń súnkì. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìpele kan wà tí gáàsì helium ibẹ̀ gbóná débi tó fi ń pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ kejì. Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìpele náà á ṣú, kò ní jẹ́ kí ooru tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ kọjá. Ooru á kó jọ síbẹ̀, á ti ara ìràwọ̀ síta, ìràwọ̀ á wú. Bó ṣe ń wú ló ń tutù. Helium á wá gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ padà, ìpele á mọ́ gaara, ooru á jáde lọ, ara ìràwọ̀ ò ní rí ohun tó gbé e dúró mọ́, á sì wọlé padà. Ìwọlé yẹn á tún mú helium gbóná, ó di bíbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Arthur Eddington, awòràwọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ronú pé ohun kan ní láti máa dí ooru tó sì ń ṣí i sílẹ̀, S. A. Zhevakin ará Rọ́ṣíà ló tọ́ka sí helium ní ọdún 1953.

Ìràwọ̀ tí ìgbóná àti ìtóbi rẹ̀ bá bọ́ sí ààyè kan pàtó nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Oòrùn wa kò sí níbẹ̀ báyìí. Ó máa ń gbọ̀n díẹ̀, àmọ́ ojú lásán kò lè rí i.

Ní ti ìdí tí ńlá fi ń pẹ́ ju kékeré lọ, ìró ló ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ara ìràwọ̀. Ìyá ìlù ń dún nísàlẹ̀, omele ń dún lókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìràwọ̀ ńlá tí ara rẹ̀ fẹ̀ máa ń fa ìyípo rẹ̀, ìyẹn àkókò tó fi ń lọ tó fi ń bọ̀, gùn, tí kékeré tí ara rẹ̀ ki sì ń yára.

Onítàn_Mápó kọ ọ́:

Mo ti gbọ́ ti jíjìn, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n jíjìn kì í ṣe ìtàn. Tí ẹ bá sọ fún mi pé ilé kan wà ní Ọjà Ọba, òmíràn wà ní Mọ́kọ́lá, ẹ ò tíì sọ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Ọjọ́ orí ńkọ́?

Tísà_Sango kọ ọ́:

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dé. Ìràwọ̀ tó ń wú kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọjọ́ orí tirẹ̀.

Ọ̀dọ́ ni Cepheid. Ó wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po mẹ́rin sókè, ìràwọ̀ tó bá sì wúwo kì í pẹ́ jó epo inú rẹ̀ tán. Ẹ ò lè rí Cepheid gidi tó ti lo bílíọ̀nù kan ọdún. Mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí wọn, láti mẹ́wàá títí dé ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Bí ìyípo rẹ̀ bá ṣe gùn tó ni ó ṣe wúwo tó, bó bá sì ṣe wúwo tó ni ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe kéré tó. Kíka ọjọ́ ìyípo rẹ̀ fún yín ní jíjìn, ó sì fún yín ní ọjọ́ orí. Mi ò mọ ohun mìíràn lójú ọ̀run tó lawọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àgbà ni RR Lyrae. Williamina Fleming, tóun náà ṣiṣẹ́ ní Harvard, ló rí èyí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìyókù. Wákàtí 13 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni ìyẹn fi ń yípo. Ìyípo àwọn RR Lyrae kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ọjọ́ kan, agbára ìmọ́lẹ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bíi 40 sí 50 oòrùn. Wọn ò wúwo tó oòrùn rárá. Ìràwọ̀ tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní láti lo ohun tó ju bílíọ̀nù 10 ọdún lọ kó tó dé ipò tí RR Lyrae wà. Àgbáyé fúnra rẹ̀ kò ju bílíọ̀nù 13.8 ọdún lọ. Torí náà, níbikíbi tí ẹ bá ti rí RR Lyrae, ara àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó ni ẹ rí yẹn.

Ẹ̀yà kẹta, Mira, wà láàárín wọn ní ọjọ́ orí. David Fabricius ló rí ìràwọ̀ Mira fúnra rẹ̀ ní 1596. Ọjọ́ bíi 332 ló fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ tirẹ̀.

Harlow Shapley ló kọ́kọ́ fi irú ìràwọ̀ yìí wo gálásì wa lódindi. Ó lò wọ́n láti mọ jíjìn àwọn òṣùṣù ìràwọ̀ tó rí roboto, tí ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ àgbà wà nínú ẹyọ kan. Ní 1918 ó fi hàn pé àwọn òṣùṣù náà kò yí oòrùn ká. Ọ̀nà ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sagittarius ni wọ́n pọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni àárín gálásì wà. Ó bu jíjìn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nǹkan bíi 26,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ la mọ̀ ọ́n sí lónìí (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni jíjìn tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn láàárín ọdún kan). Ṣùgbọ́n pé oòrùn kò sí láàárín, òótọ́ ni, ìràwọ̀ tó ń wú ló sì fi hàn.

Sọ́fíyọ̀_Mọ́níyà kọ ọ́:

Ẹ kúuṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ sọ́fíyọ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ìbéèrè oníṣẹ́ sì ni tèmi. Leavitt mọ̀ pé èyí ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí a tó lè sọ ọ́ ní iye ọdún ìmọ́lẹ̀, ó kéré tán ẹnì kan ní láti mọ jíjìn ọ̀kan nínú wọn láti ọ̀nà mìíràn. Tí ṣéènì tí mo fi wọn ilẹ̀ bá kúrú, gbogbo plánì tí mo bá yà ló ti yẹ̀. Ta ló wọn ohun tí ẹ fi ń wọn?

Ayọ̀_UI kọ ọ́:

Bàbá, ẹ ṣeun. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ní 1923 Edwin Hubble rí Cepheid kan nínú Andromeda. Láti ara rẹ̀ ló fi mọ̀ pé gálásì mìíràn ni Andromeda, pé kò sí nínú tiwa. Jíjìn tó kà fún un jẹ́ nǹkan bíi 900,000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ awò awọ̀nàjíjìn ńlá Palomar, tí díńgí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 5. Walter Baade ronú pé, tí iye Hubble bá tọ̀nà, awò tó tó báyìí yẹ kó rí RR Lyrae nínú Andromeda. Ó wò ó, kò rí wọn. Ibi tí wọn kò sí yẹn ló fi mọ̀ pé Andromeda jìnnà ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ní 1952, níbi ìpàdé àwọn awòràwọ̀ àgbáyé ní Róòmù, ó ṣàlàyé pé oríṣi méjì ló wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní Cepheid: àwọn ọ̀dọ́, ìyẹn Cepheid gidi tí Tísà sọ, ń tàn tó ìlọ́po mẹ́rin àwọn àgbà tí ìyípo wọn bá dọ́gba, wọ́n sì ti ń fi ìwọ̀n ọ̀kan ka èkejì. Jíjìn Andromeda di ìlọ́po méjì. Lónìí, mílíọ̀nù 2.5 ọdún ìmọ́lẹ̀ la kà á sí.

Ohun tí wọ́n wá fi ń wọn ìwọ̀n lónìí, iṣẹ́ yín náà ni, Bàbá. Sátẹ́láìtì Gaia ti ilẹ̀ Yúróòpù gbéra ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 2013, ó sì wo ojú ọ̀run títí di oṣù Kìíní 2025. Ó ń bá ayé yí oòrùn ká. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan oòrùn bọ́ sí èkejì, ó sì fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 300 kìlómítà jìnnà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó wọn igun tí ìràwọ̀ kan fi yẹ̀ láti ibi méjèèjì. Ibi méjì tí a mọ jíjìn wọn, àti igun: ẹ̀yin náà mọ ìyókù.

Sọ́fíyọ̀_Mọ́níyà kọ ọ́:

Igun ló ń parí ẹjọ́. Mo gbà.

Onítàn_Mápó kọ ọ́:

Ẹ ti fún mi ní ibi àti ọjọ́ orí. Ó ku ìṣẹ̀lẹ̀. Ta ló rí i pé gálásì kan gbé òmíràn mì?

Ayọ̀_UI kọ ọ́:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan ń ṣẹlẹ̀ lójú wa lọ́wọ́lọ́wọ́. Ní 1994, Rodrigo Ibata, Gerard Gilmore àti Mike Irwin rí gálásì kékeré kan lẹ́yìn àárín gálásì wa, wọ́n pè é ní Sagittarius Dwarf. Milky Way ti ń fà á ya. Àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ ti tú sílẹ̀ bí ìṣàn gígùn tó yí gálásì wa po, RR Lyrae sì wà lára ohun tí wọ́n ń tọ̀ lé láti mọ ibi tí ìṣàn náà gbà, nítorí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ jíjìn ara rẹ̀.

Ti bílíọ̀nù 10 ọdún yẹn le jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì fẹ́ kí ọmọ yín, ẹ̀gbọ́n Bẹẹrẹ, ka apá yìí dáadáa.

Ìgbà tí gálásì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, hydrogen àti helium nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ tó bú gbàmù ló ń da irin àti àwọn èròjà wíwúwo mìíràn sínú gáàsì, tí àwọn ọmọ ìràwọ̀ tó tẹ̀ lé wọn á fi di ara. Gálásì ńlá ń yára ṣe èyí. Kékeré kò lágbára láti di àwọn èròjà náà mú, torí náà ó máa ń pẹ́ kí irin tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ara ìyípo RR Lyrae àti ìrísí ìlà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ lórí gíráàfù) ni a ti ń rí bí irin inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Àwọn kan wà tí ìyípo wọn kúrú, bíi wákàtí 11 ààbọ̀ sísàlẹ̀, síbẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń gòkè gan-an tó sì ń sọ̀ gan-an. Kí RR Lyrae tó lè rí bẹ́ẹ̀, irin gbọ́dọ̀ ti pọ̀ díẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti bí i, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní bílíọ̀nù 10 ọdún tí wọ́n ti bí i.

Ní 2015, Giuliana Fiorentino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá irú wọn nínú àwọn gálásì kéékèèké tó yí wa ká. Wọn ò rí wọn nínú àwọn tó kéré gan-an. Inú àwọn tó tóbi díẹ̀, bíi Sagittarius Dwarf, ni wọ́n ti rí wọn. Ní ẹ̀yìn odi gálásì wa ńkọ́, níbi tí ìràwọ̀ àgbà fọ́n ká sí? Wọ́n wà níbẹ̀. Ó wá hàn pé kì í ṣe gálásì tíntìntín lọ́pọ̀ yanturu ló kóra jọ di ẹ̀yìn odi yẹn. Ohun kan tó tóbi ló mú apá tó pọ̀ wá.

Ní 2018, Gaia gbé ìrìn ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ jáde. Ẹgbẹ́ awòràwọ̀ méjì, ti Vasily Belokurov àti ti Amina Helmi, rí ọ̀wọ́ ìràwọ̀ ńlá kan tí kì í yí gálásì ká bíi ti oòrùn. Wọ́n ń já lọ tààrà sí àárín, wọ́n á tún jáde sí òdìkejì. Àlejò ni wọ́n. Gaia-Enceladus ni àwọn kan ń pe gálásì tó bí wọn, àwọn mìíràn ń pè é ní Sausage. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pé ìyípo wákàtí mélòó kan ti tọ́ka sí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú kí a tó rí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Onítàn_Mápó kọ ọ́:

Èyí dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo ohun tí mo ti kà lọ, nítorí ẹ̀rí méjì tí kò gbọ́ ti ara wọn ló sọ ohun kan náà. Bí a ṣe ń ṣe nínú ìtàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣì ní àríyànjiyàn nínú. Ní 2024, Thomas Donlon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé tó bá ti pẹ́ tó bílíọ̀nù 8 tàbí 10 ọdún, ó yẹ kí àwọn ìràwọ̀ àlejò náà ti pòpọ̀ mọ́ ara wọn ju bí a ṣe rí wọn lọ. Pé ìkọlù náà lè má tíì tó bílíọ̀nù 3 ọdún.

Ayọ̀_UI kọ ọ́:

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ tí wọ́n dé ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ọjọ́ orí àwọn RR Lyrae inú wọn kò yí padà. Àgbàlagbà lè kó wá sí àdúgbò lánàá.

Olùwò_Ẹlẹ́yẹlé kọ ọ́:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn ọ̀dọ́ kún un, nítorí Cepheid náà ní ìtàn tiwọn. Ní 2019, Dorota Skowron àti ẹgbẹ́ OGLE ti Yunifásítì Warsaw, tí awò wọn wà ní Las Campanas ní Chile, fi Cepheid 2,431 ya àwòrán gálásì wa lọ́nà mẹ́ta: gígùn, fífẹ̀ àti gíga. Kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Etí rẹ̀ kan ká sókè, èkejì ká sódò. Lára ohun tí wọ́n rò pé ó lè fa á ni àwọn gálásì kéékèèké tó ń kọjá.

Áfíríkà náà kò gbẹ́yìn. Eruku pọ̀ láàárín gálásì débi pé ìmọ́lẹ̀ lásán kì í là á kọjá. Ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú wa kò lè rí, ń là á kọjá. Ní 2014, Michael Feast, John Menzies, Noriyuki Matsunaga àti Patricia Whitelock lo àwọn awò tó wà ní Sutherland ní South Africa, pẹ̀lú SALT tó tóbi jù níbẹ̀, fún Cepheid márùn-ún tó wà ní òdìkejì àárín gálásì lọ́hùn-ún. Wọ́n fi hàn pé ibẹ̀ ni ara gálásì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ sókè sódò. Mo máa ń rántí iṣẹ́ yẹn tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìwòràwọ̀ kì í ṣe tiwa.

A tilẹ̀ rìnnà kore ní ibi tí a wà. Ní Ìbàdàn, àárín gálásì, lọ́nà Sagittarius, ń ga ju ìdajì ojú ọ̀run lọ, tí ti London kò sì ní ga ju ìwọ̀n 10 lọ. Kìkì pé oṣù Keje àti Kẹjọ tó yẹ ká fi wò ó ni òjò máa ń fi kùukùu dí wa lójú.

Ọmọ_Bẹẹrẹ kọ ọ́:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tó bi mí ni pé, ṣé òun náà lè fojú ara rẹ̀ rí ọ̀kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, láìsí awò?

Olùwò_Ẹlẹ́yẹlé kọ ọ́:

Ó lè rí i. Eta Aquilae ni kó wò. Cepheid ni, Edward Pigott ló ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1784, ọdún kan náà pẹ̀lú ti Goodricke, ọjọ́ 7 àti wákàtí 4 ló sì fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Oṣù Kẹwàá dáa jù, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò tíì dé. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, kó wo òkè orí, kó rọra yí sí ìwọ̀ oòrùn. Á rí Altair, èyí tó ń tàn gan-an, pẹ̀lú ìràwọ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ọ̀kan ní òsì rẹ̀, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ tò lórí ìlà. Kó na apá, kó di ìkúùkù: ìwọ̀n tó dín díẹ̀ sí ìkúùkù kan sí gúúsù Altair ni Eta wà.

Kó máa fi í wé èyí tí kò tàn púpọ̀ nínú àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Altair, Beta Aquilae lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí Eta bá gòkè tán, á ju Beta lọ díẹ̀. Nígbà tó bá sọ̀ tán, Beta á jù ú lọ dáadáa. Kó máa kọ ọjọ́, wákàtí àti èyí tó tàn jù sínú ìwé, kó má sì wò ó nítòsí iná jẹnẹrétọ̀ tàbí lábẹ́ iná títì. Alẹ́ tí kùukùu bá bò, kó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Tó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣe é, á lè ka ìyípo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ bá a ṣí àkójọ Gaia lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹfà 2022 ní RR Lyrae 270,905 àti Cepheid 15,006 nínú, pẹ̀lú ìyípo wọn.

Tísà_Sango kọ ọ́:

Ẹ̀gbọ́n Bẹẹrẹ, tó bá ti kọ tirẹ̀ tán, ẹ gbé e wá síbí. Màá kọ́ ọ bí a ṣe ń yà á sórí gíráàfù.